Kí ló ń mú èrò dúró lójú agbo olórin títí ilẹ̀ fi ń mọ́?

Ẹgbẹ́ olórin méjì lè wà ní òde kan náà, kí wọ́n lo ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n sì kọ orin kan náà. Kí èkíní tó kọrin tán, àga á ti ṣófo, àwọn tó kù á máa tẹ fóònù wọn. Èkejì á gorí ìtàgé, kò ní í tó ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn ìyá tó ń bu oúnjẹ á ti gbé ṣíbí sílẹ̀ wá wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí òde ìsìnkú àti ìgbéyàwó láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, ti rí irú rẹ̀ rí. Kí ló fà á?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé ohùn ló yàtọ̀, tàbí pé owó ni, pé ẹni tó bá ní gbohùngbohùn ńlá ló ń borí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá ọ̀rọ̀ fàájì lásán, nítorí oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ wa kan wà nínú rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe òkú bàbá rẹ̀ lè pe DJ kan ṣoṣo pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, kó sì san ìwọ̀nba owó fún un. Ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́wàá ní láti wọ ọkọ̀, wọ́n ní láti jẹun, wọ́n sì ní láti pín ohun tó bá kù. Bí wọn ò bá lè ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe, kò ní í pẹ́ tí kò fi ní í sẹ́ni tí yóò pè wọ́n mọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká wò, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nílé àti lókè òkun.

Ogún ìṣẹ́jú ní Wembley

Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1985, wọ́n ṣe agbo eré ńlá kan ní ìlú méjì lọ́jọ́ kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Live Aid ni wọ́n pè é. Bob Geldof àti Midge Ure ló ṣètò rẹ̀ láti fi kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Etiópíà. Pápá ìṣeré Wembley ni ti Lọ́ńdọ̀nù ti wáyé. Èrò tó wà níbẹ̀ tó 72,000, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e lọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Gbajúmọ̀ olórin pọ̀ níbẹ̀ lọ súà: David Bowie, Elton John, U2, Paul McCartney. Síbẹ̀, bí àwọn tó mọ̀ nípa orin bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà títí dòní, orúkọ ẹgbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Queen ni.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí fún Queen lọ́jọ́ náà. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n jáde, nítorí náà iná aláràbarà tí wọ́n fi ń dárà lóru ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe àwọn nìkan ni èrò wá wò. Ogún ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé ni gbogbo àyè tí wọ́n ní, ẹgbẹ́ mìíràn ti kúrò níbẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn sì ń dúró.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ti lọ sí gbọ̀ngàn Shaw Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ń dán ogún ìṣẹ́jú yẹn wò títí tó fi mọ́ wọn lára. Wọ́n gé orin wọn kúrú. Bohemian Rhapsody gùn, ṣùgbọ́n apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni Freddie Mercury jókòó sídìí dùùrù kọ, wọ́n sì ti bọ́ sínú Radio Ga Ga. Kò sí àlàyé gígùn, kò sí pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí alága àti ìgbákejì alága. Nígbà tó kan ibi àtẹ́wọ́ nínú Radio Ga Ga, gbogbo pápá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń pa á pọ̀ lórí, bí wọ́n ṣe rí i nínú fídíò orin náà. Ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ lónìí á rò pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sínú oko àgbàdo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mercury dá ìlù àti gìtá dúró, ó ń fi ohùn lásán ké sí èrò, èrò sì ń dá a lóhùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá lè dá a lóhùn, ẹni tí ò mọ orin Queen kankan náà lè dá a lóhùn. Ó fa ohùn gùn, wọ́n fà á gùn. Ó lọ́ ọ pọ̀, wọ́n sá tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá sì ṣì í, ẹ̀rín ni. Láàárín ìṣẹ́jú kan, àjèjì 72,000 ti di elégbè rẹ̀.

Kò ṣèèṣì. Ní 1977, ẹgbẹ́ yìí ṣeré ní Bingley Hall ní ìlú Stafford. Nígbà tí wọ́n parí tí wọ́n ti kúrò lórí ìtàgé, èrò kọ̀, wọn ò lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń kọ, wọ́n ń kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Brian May tó ń ta gìtá lára. Ó ń rò ó pé, kí ni èrò tó fún mọ́ra wọn, tí kò ní ohun èlò kankan lọ́wọ́, lè ṣe? Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n lè kọrin. Ohun tó fi ṣe We Will Rock You nìyẹn: ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìlù nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí gìtá tó wọlé. Àyè ẹni tó wá wòran ti wà nínú orin náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ọmọ Kétu ti mọ èyí tipẹ́

Ẹni tó bá ti lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀ rí á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tuntun nínú ohun tí mo ń sọ yìí. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kì í já wọ agbo kó sì máa kígbe. Ó kọ́kọ́ ń júbà, fún àwọn ìyá wa, fún àwọn àgbà, fún àwọn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé kó ṣe kíá. Ìjúbà yẹn gan-an ló ń kó ọkàn èrò jọ sójú kan. Lẹ́yìn náà ni á dá orin, àwọn elégbè á gbè é, èrò á sì gbà á. Ọ̀rọ̀ ìlú ló sì ń fi orin sọ: ẹni tó hùwà àbùkù, olóyè tó jẹ owó àjọ, ìlérí tí wọ́n ṣe tí wọn ò mú ṣẹ. Olúkúlùkù ń tẹ́tí bóyá orúkọ ará ilé òun máa jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orin náà ti dé ọjà.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, ti Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Àwọn bàbá wa ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ olórin wa máa ń jókòó wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà lóru láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di èrò mú, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ń gbé ní ìsọdá ilé wọn.

Ẹnìkan lè wá ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, orin tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni kí ẹgbẹ́ olórin máa kọ ṣáá. Fẹlá Aníkúlápó Kútì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orin tó bá ti gbé jáde sórí àwo, kì í sábà kọ ọ́ mọ́ lójú agbo. Àwọn tó bá wá sí Shrine rẹ̀ ní Èkó, orin tí wọn ò tíì gbọ́ rí ni wọ́n ń bá, orin kan sì lè lé ní ìdajì wákàtí. Síbẹ̀ èrò ń kún. Ìdí ni pé Fẹlá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń dá orin dúró, ó ń fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fi àwọn tó wà níwájú rẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, yabis ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi èdè pijin tí ọmọ ọjà àti awakọ̀ gbọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìlù àti gìtá rẹ̀ sì ń yí po lójú kan títí tí ara á fi mọ̀ ọ́n, bí orí ò bá tiẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n. Èrò lè má mọ orin. Ohun tí wọn ò gbọdọ̀ máà mọ̀ ni ibi tí àwọn ti lè wọlé sínú rẹ̀.

Owó ìtanràn James Brown

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdánrawò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti ń já sí kòtò. James Brown, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ orin soul, máa ń bu owó ìtanràn lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ohùn ìlù tàbí ti fèrè, ó san. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó san. Ẹni tí bàtà rẹ̀ ò bá dán, ó san. Lójú eré náà gan-an, bó bá ń jó lọ, á fi ìka hàn wọ́n, wọ́n á sì mọ iye tí wọ́n jẹ. Òǹwòran lè rò pé ijó ni. Mi ò ní kí olórí ẹgbẹ́ máa jẹ owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, ó le jù. Ṣùgbọ́n ohun tó bí ni pé gbogbo ojú wà lára ọ̀gá. Bó bá gbé èjìká, ìlù á já. Bó bá yí ọrùn, fèrè á wọlé. Kò sẹ́ni tó lè máa tẹ fóònù lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ ò mọ ìgbà tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀.

Ó sì ní ìgboyà lórí rẹ̀. Ní 1962 ó fẹ́ gba ohùn eré rẹ̀ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Apollo ní New York, pẹ̀lú igbe èrò àti gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ní kò sẹ́ni tí yóò rà á. James Brown fi owó ara rẹ̀ ṣe é ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá. Nígbà tí àwo náà jáde ní 1963, ó tà wàràwàrà. Apá kan nínú ohun tí àwọn èèyàn ń rà ni igbe àwọn obìnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn náà.

Nílé níbí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ṣíṣe é pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń dà, kó gbọ́ Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu. Clément Mélomé ló dá a sílẹ̀ ní 1968. Wọ́n kọrin ní Fọ̀n, ní Mina, ní Yorùbá, ní Faransé. Wọ́n mú ìlù sàtò àti ìlù òrìṣà, wọ́n pò ó mọ́ soul, mọ́ afrobeat, mọ́ orin àwọn ará Kúbà. Ọdún 1982 ṣe wọ́n léṣe: ikú mú Papillon tó ń ta gìtá, ó sì mú Léopold Yéhouessi tó ń lu ìlù. Ẹgbẹ́ náà rọ̀, ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n rìnrìn àjò eré lọ sí Yúróòpù, àgbàlagbà onírun funfun, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọn ò tíì bí nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo àkọ́kọ́ sì ń jó. Ní 2011 wọ́n gbé àwo tuntun jáde, Cotonou Club, Angélique Kidjo wà nínú rẹ̀. Mélomé kú ní òpin 2012. Àwọn òyìnbó yẹn ò gbọ́ Fọ̀n. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni àwọn ènìyàn tí etí wọn wà lára ara wọn, tí ọ̀kan ń fà sẹ́yìn kí èkejì lè sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ń rẹ etí, bó ti wù kí wọ́n mọ̀ ọ́n tó.

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan àti gìtá kan

Mo tún fẹ́ mú ẹgbẹ́ Talking Heads ti Amẹ́ríkà wá, nítorí okùn kan so wọ́n mọ́ ilé wa. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo Remain in Light ní 1980, orin Fẹlá ni wọ́n ń gbọ́, ó sì hàn nínú rẹ̀. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, kúrò ní Benin lọ sí Paríìsì ní 1983. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ orin kan nínú àwo náà, ó ní orin ilẹ̀ Áfíríkà ni, wọ́n ní rárá, àwọn aláwọ̀ funfun ló kọ ọ́. Ní 2018 ó tún gbogbo àwo náà kọ lọ́nà tiwa, Tony Allen tó lu ìlù fún Fẹlá sì bá a lu ìlù nínú rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá 1983, Talking Heads ṣeré ní Pantages Theatre ní Hollywood, Jonathan Demme sì fi ṣe fíìmù Stop Making Sense. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: orí ìtàgé ṣófo. David Byrne nìkan wọlé pẹ̀lú gìtá, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọrin. Ní orin kejì, obìnrin tó ń ta básì wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ìlù jáde lójú gbogbo èèyàn, onílù sì jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọlé díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń wò rí bí ilé ṣe ń gòkè láti ìpìlẹ̀, bí ohùn tuntun bá sì ti wọlé, inú rẹ̀ ń dùn bíi pé àlejò kan ló dé.

Ẹgbẹ́ kékeré ní Ṣákété lè ṣe èyí láìná kọ́bọ̀. Ohun tí a máa ń rí nílé ni pé ẹni mẹ́wàá á dúró lórí ìtàgé, wọ́n á máa wá okùn wáyà fún ìdajì wákàtí, alága ìjókòó á máa fi àwàdà tó ti sá bo ìtìjú wọn. Kí ló dé tí ìyá ìlù kò fi dá nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá a, kí gìtá tẹ̀ lé e?

Kidjo fúnra rẹ̀ ní àṣà kan tí ẹni tó bá ti wo eré rẹ̀ mọ̀. Á sọ̀ kalẹ̀ sáàárín èrò, á máa kọrin lọ láàárín wọn, nígbà tó bá sì yá á pe àwọn òǹwòran gun orí ìtàgé láti wá jó. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ Yorùbá tàbí Fọ̀n, ó ń ṣe é. Àwọn Gangbé Brass Band, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní 1994, tún ní àǹfààní mìíràn: fèrè idẹ àti ìlù ni wọ́n ń lò. Bí iná bá lọ, eré ò dúró, wọ́n sì lè rìn wọ inú èrò láìsí wáyà tó ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe lágbègbè wa lóru mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Playback àti tábìlì olówó

Nǹkan méjì ló ń pa agbo eré wa jù. Èkíní ni playback, kí àwọn ènìyàn máa la ẹnu bí ẹja lórí orin tó ti wà nínú fóònù. Kì í ṣe pé ó jẹ́ irọ́ nìkan. Orin inú fóònù ò ní ojú. Bí ìyá àgbà kan bá dìde níbi tó jókòó sí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, onílù gidi á rí i, á yí ìlù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi ìlù pe orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀, gbogbo òde á sì pagbo yí màmá ká. Ó lè fa orin ìṣẹ́jú mẹ́rin di ogún. Orin inú fóònù á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀, màmá á sì padà jókòó.

Èkejì ni owó níná. Àṣà wa ni, mi ò sì bá a jà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin ti ń rí owó ọkọ̀ padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń lọ: olórin á ti rí olówó kan ní tábìlì iwájú, á kọjú sí i, á máa ki í fún ìdajì wákàtí, á kọ ẹ̀yìn sí irínwó ènìyàn. Irínwó yẹn ló máa lọ sọ fún ìlú bóyá ẹgbẹ́ náà dára. Ọlọ́jà tó fẹ́ ṣe ìkómọ lóṣù tó ń bọ̀ wà láàárín wọn. Olórin tó gbọ́n á fi orúkọ olówó náà sínú ègbè tí gbogbo èèyàn lè gbè, owó á wọlé, èrò náà ò sì ní í lọ.

Ẹ̀bi ò sì sí lọ́rùn olórin nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ẹgbẹ́ olórin wá sóde yín, ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láìfi sefa kan kún owó tí ẹ ti dá lé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé kí àlejò tó dé, kí wọ́n lè dán ohùn wò nígbà tí òde ṣì ṣófo, kí wọ́n sì mọ̀ pé bí èrò bá kún, ara àwọn ènìyàn máa ń fa ohùn mu, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ orin ni kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó dún ketekete, ẹ má jẹ́ kí gbohùngbohùn máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, kì í ṣe nínú fídíò. Bí ẹ bá sì ń to àga, tábìlì àwọn èèyàn ńlá tí a máa ń tò sí àárín méjèèjì, tó ń fi ogún ẹsẹ̀ ya olórin kúrò lára àwọn tó fẹ́ jó, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.